Leishmaniasis: Àrùn Imú tí ń Fara Jọ Ẹ̀tẹ̀ àti Jẹjẹrẹ

Ní ìpínlẹ̀ Bahia lórílẹ̀-èdè Brazil, níbi tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lẹ́rú lọ láyé àtijọ́, kòkòrò oníyẹ̀ẹ́ kan wà tí kò tó ẹ̀fọn. Àwọn àgbẹ̀ àti ará ìgbèríko ló sábà máa ń jẹ, pàápàá láti ìrọ̀lẹ́ lọ. Òun ni ó ń tan àrùn leishmaniasis kálẹ̀. Gaspar Vianna, onímọ̀ ìṣègùn ọmọ Brazil, ni ó fún kòkòrò àìfojúrí tí ó ń fa irú èyí tí ń ba imú jẹ́ ní orúkọ ní ọdún 1911.

Egbò roboto ni àrùn náà fi ń bẹ̀rẹ̀. Etí rẹ̀ a ga, kì í sì í sábà dunni. Ó lè jinná fúnra rẹ̀, kí aláìsàn sì gbàgbé rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún púpọ̀, imú a bẹ̀rẹ̀ sí í dí, a máa ṣẹ̀jẹ̀, ògiri tí ó pín ihò imú méjèèjì a lu. Àjà ẹnu àti ọ̀fun lè tẹ̀ lé e. Àpá àtijọ́ lápá tàbí lẹ́sẹ̀ ni ẹ̀rí tí ó rọrùn jù lọ láti rí, bí dókítà bá rántí béèrè.

Ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Ẹ̀tẹ̀, ikọ́ ife, sífílíìsì, jẹjẹrẹ àti àwọn àrùn fúngọ́ọ̀sì kan lè ba imú jẹ́ bákan náà. Dókítà a gé ẹran díẹ̀ ní etí egbò láti yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ṣùgbọ́n kòkòrò náà kì í pọ̀ nínú egbò imú. Nítorí náà, àìrí i kò túmọ̀ sí pé kò sí níbẹ̀. Ìdánwò Montenegro, tí ó ti wà láti ọdún 1926, ń fi hàn pé ara ti pàdé kòkòrò náà rí, àmọ́ kò lè ya àrùn àná sọ́tọ̀ kúrò lára tòní. Ìdánwò PCR, tí ń wá àbùdá kòkòrò náà, ló sàn jù, bí ilé ìwòsàn bá ní in.

Kò yẹ kí a fi èyí méfò. Bí wọ́n bá pè é ní àrùn mìíràn tí wọ́n sì fún aláìsàn ní oògùn sítẹ́rọ́ọ̀dù, agbára ara láti bá kòkòrò náà jà yóò dínkù, egbò náà a sì gbilẹ̀. Abẹ́rẹ́ antimony tí wọ́n fi ń wò ó pẹ̀lú lè ṣe ọkàn àti ẹ̀dọ̀ ní jàǹbá. A kì í dédé gún un fún ẹni tí jẹjẹrẹ ń ṣe. Oògùn lè pa kòkòrò náà, ṣùgbọ́n imú tí ó ti jẹ run kì í hù padà.