Bọ̀lẹ̀kájà, Mólùè, Kórópe: Ìtàn Ọkọ̀ Tí A Fi Ọwọ́ Ara Wa Kàn

Àwọn tó ń ṣàárò mólùè jù lọ l'Ékòó ni àwọn tó ti ra mọ́tò tiwọn. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ kan dúró láti Oṣòdì dé Ìkọ̀tún rí, tí abíyá ẹlòmíràn wà lójú ihò imú rẹ̀, kò ní í sọ pé ìgbà náà dùn. Síbẹ̀, ohun kan wà lára ọkọ̀ ayé ọjọ́un tó tó ṣàárò, kì í sì í ṣe ìrìn rẹ̀. Ọwọ́ tó kàn án ni. Láti ayé bọ̀lẹ̀kájà títí dé kórópe tó kún títì Ìgàndó lónìí, òyìnbó ló ń ṣe ẹ́ńjìnnì, àwa là ń ṣe ọkọ̀.

Káfíńtà ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá ra lọ́rì Bedford tàbí Austin nígbà náà lè gbà á ní ìhòòhò: ẹ́ńjìnnì, ṣáásì, táyà, ó parí. Káfíńtà á wá fi pákó kọ́ ilé lé e lẹ́yìn, á kan àga gbọọrọ sí i, á bo orí rẹ̀, á fi ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé. Ẹ̀yìn ìyẹn ni akunlé tó ń kọ ọ̀rọ̀ á dé. "Sùúrù Lérè" lè wà níwájú ọkọ̀ tí dẹ́rẹ́bà rẹ̀ kò ní sùúrù rárá. Bọ̀lẹ̀kájà, orúkọ tí wọ́n sọ ọkọ̀ náà, ti jẹ́ ká mọ irú ìwà tó wà láàárín kọ̀ndọ́ àtèrò. Inú ayé àwọn awakọ̀ lọ́rì àtàwọn ọmọ gáréèjì ni Wọlé Ṣóyínká ti fa eré *The Road* yọ ní 1965.

Bọ́ọ̀sì gidi wà nígboro Èkó o. Zarpas, ará Gíríìsì kan, ló ni èyí tó lókìkí jù, kí ìgbìmọ̀ ìlú Èkó tó ra iléeṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1958, tí wọ́n sì sọ ọ́ di LMTS, iléeṣẹ́ bọ́ọ̀sì ìgbìmọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ta ló ń retí bọ́ọ̀sì Zarpas ní Ìgàndó nígbà náà? Oko ni Ìgàndó. Ẹ̀gbẹ́dá náà kò tíì di ibi tí èèyàn ń gbà yàrá sí. Ọkọ̀ onípákó tó ń kó ẹrù oko ló mọ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Ní April 2, 1972, ìjọba pàṣẹ pé kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lápá òsì títì, kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún. Ilẹ̀kùn tó ti ń kọjú sí ẹ̀gbẹ́ títì wá di èyí tó ń kọjú sí àárín ọ̀nà. Ọkọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ fi máa kó èrò lọ, wọ́n ní láti gé e níbòmíràn. Owó epo rọ̀bì ń wọlé bọ̀ nígbà yẹn, èèyàn ń wọ́ wá sí Èkó láti ibi gbogbo, bọ́ọ̀sì ìjọba kò sì tó. Ibẹ̀ ni mólùè ti ráyè.

Mercedes 911 ni ìpìlẹ̀ mólùè, lọ́rì akẹ́rù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń lo dísù. Lórí ṣáásì yìí, wẹ́dà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ káfíńtà. Yóò tẹ irin bí egúngún ìhà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, yóò fi páànù bo ìta, yóò gé ojú fèrèsé, yóò jó àga onírin mọ́lẹ̀, yóò sì fa irin gbọọrọ sábẹ́ òrùlé fún àwọn tí yóò dúró. Àwọn tó ń dúró yìí ni owó wà lọ́rùn wọn, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi àyè sílẹ̀ láàárín. Kò sí ìwé àwòrán kankan. Ojú ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ìyẹn ni mólùè méjì kì í fi í jọra délẹ̀. Fela kọrin nípa ìyà inú rẹ̀ nínú *Shuffering and Shmiling* ní 1978, àmọ́ ọjà oògùn àti ìwàásù inú ọkọ̀ kò torí ìyẹn dáwọ́ dúró. Ẹ̀mí ṣòfò nínú rẹ̀ púpọ̀, torí nígbà tí bíréèkì bá já, páànù kì í gbani.

Ilé iṣẹ́ tó yẹ kó gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ wẹ́dà kò jìnnà sí Alímọ̀ṣọ́, níbi tí Ìgàndó wà. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ní Ìgàndó, tó gba Ìyánà-Ìbá jáde sí títì Badagry, kò ní í rìn jìnnà kí ó tó gbọ́ "Volks wà o!" lẹ́nu kọ̀ndọ́. Volkswagen of Nigeria ló sọ ibùdókọ̀ yẹn lórúkọ. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò níbẹ̀, pàápàá èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí ìjàpá. Owó Udoji, àfikún owó oṣù, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ni, olùkọ́ àti akọ̀wé sì di ọlọ́kọ̀. Àmọ́ inú àpótí ni ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara mọ́tò náà ti ń bọ̀ láti Jámánì àti Brazil. Nígbà tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, dé ní 1986 tí náírà já wálẹ̀, àpótí di ọ̀wọ́n, ilé iṣẹ́ ńlá náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Wẹ́dà ẹ̀bá ọ̀nà ní tirẹ̀ kò rọ, nítorí ohun tó ń lò wà ní ọjà Ládípọ̀.

Láti ìgbà yẹn ni mọ́tò tòkunbọ̀ ti gba ìlú. Alímọ̀ṣọ́ di ìjọba ìbílẹ̀, àwọn tí owó ilé lé kúrò ní Múṣin àti Súrùlérè sì ń ya wá. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka 1,277,714 níbẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sì ní àwọn ju mílíọ̀nù méjì lọ. Ta ni yóò gbé gbogbo wọn lọ síbi iṣẹ́? Bọ́ọ̀sì dánfó àti LT ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dé láti Yúróòpù gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ẹrù tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dí pa. Pánẹ́ẹ̀lì-bítà á fi ìṣó sàmì sí páànù, á gé fèrèsé, á fi rọ́bà mú gíláàsì. Wẹ́dà á jó àga mẹ́rin-mẹ́rin sí i, fóòmù díẹ̀, awọ lórí rẹ̀, orúnkún èrò á sì máa kan ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú. Ọ̀dà òféèfèé ló kẹ́yìn, pẹ̀lú ìlà dúdú méjì.

Irú iṣẹ́ ọwọ́ yìí náà ni àwọn ọmọ Amẹ́ríkà fi dá eré ìje mọ́tò tí wọ́n ń pè ní drag racing sílẹ̀. Ford àtijọ́ ni wọ́n ń tú láti ibi àkìtàn mọ́tò, wọ́n á bọ́ gbogbo ohun tó wúwo lára rẹ̀, wọ́n á gbé ẹ́ńjìnnì tó lágbára jù sí i. Ní 1950, wọ́n gba ibi tí bàálù ń gbà fò ní Santa Ana, ní California, láti máa sá eré náà, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ NHRA sílẹ̀ ní 1951. Lónìí, owó ńlá ti wọ̀ ọ́, àwọn àgbà sì ń ṣàárò ìgbà tí ọmọ àdúgbò lè fi spánà tirẹ̀ jáwé olúborí. Ìyàtọ̀ àwa àti wọn ni pé wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sí Pomona fún ti wọn. Mólùè tiwa, gígé ni wọ́n gé e, wọ́n wọn irin rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n. Kò sí àní-àní pé ìwà òmùgọ̀ ni.

Bọ́ọ̀sì BRT dé ní March 2008 láti Mile 12 sí CMS, ọ̀nà ńlá sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti mọ́ mólùè lójú. Ní 2017, Gómìnà Ambode sọ pé òun fẹ́ kí dánfó náà kúrò. Dánfó ṣì wà ní Ìkọ̀tún.

Kórópe, bọ́ọ̀sì kékeré, ló gba àdúgbò báyìí, láti Ìdímù dé inú-inú Ìgàndó níbi tí bọ́ọ̀sì ńlá kò lè yí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Suzuki Every láti Japan, níbi tí ọkọ̀ ti ń gba apá òsì. Ìdí nìyẹn tí mẹkáníìkì fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé ọwọ́ ọkọ̀ láti ọ̀tún sí òsì: yóò tú dáṣíbọ́ọ̀dù, yóò jó irin tí ọwọ́ ọkọ̀ dúró lé, yóò fa wáyà, yóò sì gbé pẹ́dà lọ sí òdìkejì. Àga ẹ̀yìn náà, tún-un-kàn ni. Ẹ́ńjìnnì 660 cc lásán ló ní, àmọ́ láti May 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ẹni tó ni ọkọ̀ tí kì í mu epo púpọ̀ kò ní í tètè tà á.