Àyà Gbòòrò àti Àyà Níní: Ìtàn Agbára Ara ní Òkè-Ògùn

Nínú èdè Yorùbá, ohun méjì ni à ń pè ní àyà. Èkíní ni apá ara tí ó wà láàrin ọrùn àti ikùn, èyí tí àwọn àgbà tún ń pè ní igẹ̀. Èkejì ni ìgboyà. Nígbà tí a bá sọ pé ẹnì kan láyà, kì í ṣe pé a fi okùn wọn igẹ̀ rẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé kì í sá fún ohun tí ń dẹ́rù ba ẹlòmíràn. Ẹni tí ẹ̀rù bà, àyà rẹ̀ já. Ẹni tí ìṣòro dé bá tí kò sì yẹ̀, ó fi àyà rán an. Ìtàn tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò níhìn-ín ni ti bí àwọn ènìyàn Òkè-Ògùn ṣe ń kọ́ àyà àkọ́kọ́ láti ayé àtijọ́, bí ọ̀nà náà ṣe yí padà lẹ́yìn tí òyìnbó dé, àti ohun tí ìyípadà náà ṣe sí àyà kejì.

Ilẹ̀ ọ̀dàn ni Òkè-Ògùn. Láti Ìsẹ́yìn dé Òkèhò, dé Ṣakí, Ìgbòho àti Kíṣí, koríko gíga ni ó bo ilẹ̀. Igi kò ṣù mọ́ra bí ti igbó Ìjẹ̀bú tàbí ti Oǹdó, òkè àpáta sì yọrí síta káàkiri. Ilẹ̀ kòkó kọ́ ni. Iṣu, àgbàdo, ọkà bàbà, ẹ̀gẹ́ àti òwú ni ilẹ̀ náà mọ̀ ní tirẹ̀. Nítorí náà, ọmọkùnrin tí a bí sí Òkè-Ògùn láyé àtijọ́, ọkọ́ ni yóò kọ́kọ́ di ojúlùmọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ebè kíkọ, nítorí òun ni ó tóbi jù lọ nínú àwọn iṣẹ́ tí ń kọ́ àyà. Nígbà tí omi òjò ṣì wà nínú ilẹ̀, kí ọyẹ́ tó dé gan-an sọ ilẹ̀ di líle, ni àgbẹ̀ ti máa ń kọ ebè de iṣu ọdún tí ń bọ̀. Yóò la ẹsẹ̀, yóò tẹ̀ síwájú, yóò gbé ọkọ́ sókè, yóò sọ ọ́ mọ́lẹ̀, yóò sì wọ́ erùpẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Iṣan ńlá tí ó bo iwájú àyà di egungun abẹ́ ọrùn, egungun àárín igẹ̀ àti egungun ìhà mú, ó sì parí sí òkè apá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa fa apá láti òkè wá sílẹ̀, àti láti ẹ̀gbẹ́ wá síwájú. Òun àti iṣan ẹ̀yìn ni wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ ọkọ́ náà. Ìgbà ẹgbẹ̀rún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ọwọ́ àgbẹ̀ ń lọ sókè tí ó sì ń wá sílẹ̀ ní òòjọ́. Igba ebè, igba ebè ni wọ́n fi ń ka oko. Ẹni tí ó bá lè kọ igba kan kí oòrùn tó wọ̀, kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè bí àyà rẹ̀ ṣe gbòòrò tó. Ebè tí ó wà nílẹ̀ ti dáhùn fún un.

Iṣẹ́ yìí kì í sì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Nínú àáró, àwọn ọ̀dọ́ tí agbára wọn kò ju ara wọn lọ púpọ̀ yóò para pọ̀, wọn a ṣe oko ẹnì kan lónìí, wọn a ṣe ti ẹnì kejì lọ́la. Nínú ọ̀wẹ̀, ọkùnrin tí ó ń fẹ́ ọmọ oníle yóò kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí oko àna. Ojú àna ni a ti ń rí ẹni tí ó lágbára àti ẹni tí ó gbẹ̀yìn lórí poro. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé ọjọ́ kan ni agbára náà dé. Ọkọ́ kékeré ni a ń fún ọmọdé. Bí apá rẹ̀ ti ń le ni ọkọ́ ọwọ́ rẹ̀ ń tóbi. A kì í fi ọjọ́ kan bọ́ ọmọ tó rù.

Àwọn tí ń kọ ìtàn agbára sábà máa ń gbàgbé obìnrin. Bẹ́ẹ̀, nínú ilé tí a ti ń jẹ iyán, ta ni ń gún un? Obìnrin méjì tàbí mẹ́ta á dúró yí odó kan ká, ọmọ odó èkíní á ń lọ sókè bí ti èkejì ti ń bọ̀ nílẹ̀, kò sì gbọdọ̀ sí ìkọlù. Àtigbé ọmọ odó sókè, èjìká ni. Àtisọ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lú agbára, àyà, ẹ̀yìn àti ẹ̀yìn apá ni. Kò sí ẹni tí ó kọ orin ìyìn fún àyà ìyá arúgbó tí ó fi ogójì ọdún gúnyán, ṣùgbọ́n àyà náà wà, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Iṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú ní ipa tirẹ̀, kò sì dọ́gba. Alágbẹ̀dẹ tí ń gbé òòlù ńlá sókè tí ń sọ ọ́ lu irin gbígbóná, àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tí ń fẹ́ ẹwìrì láti àárọ̀, ara wọn kì í pẹ́ le. Ahunṣọ Ìsẹ́yìn kò rí bẹ́ẹ̀. Òun tí ń hun sányán, àlàárì àti ẹtù, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ yára, ojú rẹ̀ mú, sùúrù rẹ̀ pọ̀; ṣùgbọ́n ìjókòó rẹ̀ nídìí òfì gùn, ó sì ń tẹ ènìyàn síwájú. Kò sí ẹni tí ó fi èyí bú ahunṣọ. Àwùjọ mọ̀ pé bí iṣẹ́ bá ti rí ni ara ń rí, wọn kò sì sọ irú ara kan di òòṣà tí gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ bọ.

Ogun àti eré náà kópa. Kí ìbọn tó gbilẹ̀, ọrun àti ọfà wà lára ohun ìjà tí ọmọ ogun Ọ̀yọ́ fi ń ṣọlá. Ẹni tí yóò ta ọfà jìnnà, yóò fi ọwọ́ kan ti ọrun síwájú, yóò fi èkejì fa ọṣán sẹ́yìn, àyà rẹ̀ á sì ṣí láàrin méjèèjì. Ní ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ tí iṣẹ́ oko dín, àwọn ọ̀dọ́ a máa ja ìjàkadì ní gbàgede. Nígbà tí ogun Kírìjì ń jà láàrin ọdún 1877 sí 1893, ìbọn òyìnbó ti gba ipò iwájú. Ìbọn kò béèrè bí àyà ẹni ṣe gbòòrò tó. Láti ìgbà náà ni ohun èlò ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ lọ́wọ́ iṣan, kò sì tíì dúró.

Ohun tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn nínú gbogbo èyí ni pé kò sí ẹni tí ó sọ pé, ‘Mò ń lọ kọ́ àyà mi.’ Oko ni wọ́n ń lọ, ìdí odó ni wọ́n ń lọ. Àyà gbòòrò jẹ́ èrè tí ó tẹ̀lé iṣẹ́. Ẹni tí ó bá sì ní agbára tí kò ní èrò, òwe ti ń dúró dè é: alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, nǹkan gba ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 1813, Per Henrik Ling dá ilé-ẹ̀kọ́ eré ìdárayá sílẹ̀ ní Stockholm, ó pín ara sí ẹ̀yà-ẹ̀yà, ó sì ṣètò bí a ó ṣe máa ná ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ̀rọ àti ilé-iṣẹ́ ńlá ti ń gba iṣẹ́ oko lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ara àwọn ọ̀dọ́ wọn ń joro. Nígbà tí Bìrìtìkó ń jagun ní Gúúsù Áfíríkà láàrin ọdún 1899 sí 1902, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ wọṣẹ́ ológun ni wọ́n dá padà nítorí pé ara wọn kò tó. Lásìkò yìí gan-an ni Eugen Sandow, ọmọ Jámánì tí ó fi Lọ́ńdọ̀nù ṣe ibùgbé, sọ ara tí ó kún fún iṣan di ọjà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1901, ó ṣe ìdíje ara tí ó dára jù lọ ní gbọ̀ngàn Royal Albert Hall. Arthur Conan Doyle tí ń kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wà lára àwọn adájọ́. Ó ta ìwé, ó ta okùn rọ́bà tí a ń fà láti fẹ àyà. Láti ìgbà náà ni tẹ́ẹ̀pù ti di adájọ́ àyà: ẹni tí ó bá fẹ àyà rẹ̀ ní íńṣì méjì ti borí, ì báà má kọ ebè kan láyé rẹ̀.

Inú báráàkì àti kíláàsì ni èrò yìí gbà wọ ilẹ̀ wa. Àwọn ológun amúnisìn fẹ́ ọmọ ogun tí ara rẹ̀ dọ́gba, tí ń gbésẹ̀ pọ̀, tí ń fi àyà síwájú. Ní ọdún 1916, nígbà tí àwọn ará Ìsẹ́yìn àti Òkèhò dìde sí ìjọba àjẹgàba, ìjọba kó ṣọ́jà wá, wọ́n sì tẹ ọ̀tẹ̀ náà rì. Kì í ṣe pé àyà kò sí lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n dìde. Ohun tí kò sí ni ìbọn tó bá ti ìjọba dọ́gba. Lẹ́yìn náà ni ilé-ìwé gbà á. Ìwé ìlànà eré ìdárayá tí ìjọba Bìrìtìkó tẹ̀ jáde ní ọdún 1933 dé ọwọ́ àwọn tíṣà ní Nàìjíríà. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, ọmọ àgbẹ̀ tí ó ti bá bàbá rẹ̀ ro oko lọ́jọ́ Sátidé á tún tò sórí pápá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, á máa na apá sókè sódò ní kíkà tíṣà. Ọ̀pọ̀ òbí ni ó yà lẹ́nu pé a tún ń kọ́ ọmọ ní bí a ti ń gbé apá sókè.

Ṣùgbọ́n ayé ń yí. Ọmọ tí ó kàwé kò padà sóko mọ́. Katakata ń kọ ebè fún ẹni tí ó lówó rẹ̀, ẹ̀rọ ń gúnyán, ọ̀kadà ń gbé ẹni tí ìbá fi ẹsẹ̀ rìn. Iṣẹ́ kúrò lára, àyà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ mìíràn. Láti ibẹ̀ ni a ti ń rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n rọ sìmẹ́ǹtì sínú agolo kíkùn méjì, tí wọ́n fi páìpù irin so wọ́n pọ̀, tí wọ́n ń gbé e sókè sódò lẹ́yìn ilé ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn àgbà ń rí wọn, wọ́n ń mi orí.

Èmi kò rò pé ó yẹ kí a fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ìmọ̀ tí ó wà nínú ohun tí wọ́n ń ṣe kò yàtọ̀ sí ti ọkọ́ kékeré àti ọkọ́ ńlá. Ẹni tí ó bá dojúbolẹ̀, tí ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì mọ́lẹ̀ ní ìbú èjìká, tí ara rẹ̀ nà gbọnrangandan bí pákó, tí ó rọra sọ àyà kalẹ̀ tí ó sì ti ara rẹ̀ padà sókè, ó ti ná iṣan àyà láìná kọ́bọ̀. Ẹni tí kò bá lè ṣe é, kí ó kọ́kọ́ fi orúnkún kanlẹ̀. Bí ó bá rọrùn fún un, kí ó gbé ẹsẹ̀ sórí àpótí. Ẹni tí ń gbé irin, kí ó má dá nìkan gbé e sókè àyà rẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀. Ó ti pa ẹlòmíràn rí. Egungun àgbàlagbà kò lè gùn mọ́. Iṣan ni ó ń nípọn, ìgbà ìsinmi ni ó sì ń nípọn, kì í ṣe ìgbà iṣẹ́. Ọjọ́ kan tàbí méjì ni kí a fi sáàrin. Oúnjẹ rẹ̀ kò jìnnà sí Òkè-Ògùn: ẹ̀wà, ẹyin, ẹran, àti wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń tà. Abẹ́rẹ́ àti oògùn tí ń mú iṣan wú lójijì kò sí nínú ẹ̀kọ́ yìí; ọkàn àti ẹ̀dọ̀ ni wọ́n ń bà jẹ́.

Níbo wá ni ìṣòro wà? Ó wà nínú ibi tí a ń ná agbára náà sí. Ọṣán já, ọrun dọ̀pá. Àáró àti ọ̀wẹ̀ ni ọṣán tí ó so agbára ọ̀dọ́ mọ́ àǹfààní ìlú láyé àtijọ́. Nígbà tí ó já, àwọn olóṣèlú rí ọ̀pá náà nílẹ̀, wọ́n sì mú un. Nígbà ìdìbò Ìwọ̀-Oòrùn ní ọdún 1965 àti rògbòdìyàn wẹ́tìẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, àwọn ọ̀dọ́ alágbára wà lára àwọn tí wọ́n fi dáná sun ilé àti ènìyàn. Àyà wọn gbòòrò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń gba owó kí ó lè dẹ́rù ba aláìlágbára, a kò lè pè é ní aláyà ní èdè Yorùbá.

Ní oṣù kìíní ọdún 2020, àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀, nítorí ìjínigbé àti ìpànìyàn lójú ọ̀nà àti nínú oko. Àwọn ọdẹ àti àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n gbà sínú rẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀dàn tún ń béèrè àyà lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì ń béèrè méjèèjì pọ̀: èyí tí a lè fi irin àti sìmẹ́ǹtì kọ́, àti èyí tí kò sí irin tí ó lè kọ́ ọ. Bí ìlú kan bá rí ọ̀dọ́ tí ń gbé agolo sìmẹ́ǹtì ní ìrọ̀lẹ́, ìbéèrè tí ó yẹ kí àwọn àgbà ibẹ̀ bi ara wọn ni èyí: iṣẹ́ wo ni a ní fún àyà yìí ní ọ̀la, tí ẹlòmíràn kò fi ní kọ́kọ́ wá yá a lò?