Kōhanga Reo

Ọ̀rọ̀ àwọn Māori ni, àwọn ọmọ onílẹ̀ New Zealand. Kōhanga ni ìtẹ́ ẹyẹ. Reo ni ohùn tàbí èdè. Ibi ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, níbi tí àgbà ti ń fi èdè Māori nìkan bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ọdún 1982 ni àkọ́kọ́ ṣí ní Wainuiomata, nítòsí Wellington, nígbà tí èdè náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lẹ́nu àwọn ọmọdé. Ẹ má pè é ní jẹ́lé-ó-sinmi lásán o: ìjọba ń fowó ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹbí ló ń darí rẹ̀, òbí náà sì ń kọ́ èdè níbẹ̀. Ní 1987, òfin sọ èdè Māori di èdè ìjọba.