Ìtàn Wíwo Ibi-Ọmọ Láàyè

Kò sí ìyá àgbà ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò mọ̀ pé bí ọmọ bá ti wá sáyé, iṣẹ́ ìbímọ kò tíì parí: ibi ni a tún ń retí. Bí ibi bá pẹ́ kí ó tó jáde, ọkàn ará ilé kì í balẹ̀. Bí ó bá sì jáde, a ó wò ó dáadáa, a ó sì sin ín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Irú àkíyèsí bẹ́ẹ̀ lákòókò ìbímọ ni díẹ̀ nínú orúkọ àmútọ̀runwá ti wá. Ọmọ tí ó gbé ìwọ́ kọ́rùn wá ni Òjó tàbí Àìná. Èyí tí a bí nínú àpò rẹ̀ láìya ni Ọ̀kẹ́. Àwọn baba ńlá Yorùbá tipa báyìí mọ ohun púpọ̀ nípa ibi, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí iṣẹ́ rẹ̀ ti parí ni wọ́n tó lè fojú rí i.

Àwọn oníṣègùn Òyìnbó pàápàá kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọjọ́ pípẹ́. Ní 1774 ni William Hunter, oníṣègùn ará Scotland tí ó ń ṣiṣẹ́ ní London, tẹ ìwé àwòrán ńlá kan jáde nípa ilé-ọmọ aboyún. Òun àti John, àbúrò rẹ̀, fi ìda yíyọ́ kún iṣan ẹ̀jẹ̀ aboyún tí ó ti kú, wọ́n sì fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ìyá kì í dà pọ̀ mọ́ ti ọmọ. Ibi ni alárinà wọn: ó ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ ìyá fún ọmọ, ó sì ń dá ìdọ̀tí ọmọ padà fún ìyá. Ṣùgbọ́n òkú ni àwọn Hunter yẹ̀ wò. Ipa odò ni wọ́n rí, wọn kò rí ìṣàn omi rẹ̀.

Nítorí pé kò sí ẹni tí yóò la inú aboyún nítorí àtiwo ibi lásán, àwọn olùwádìí yíjú sí ẹranko. Ní ìlú Baltimore, ní Amẹ́ríkà, Elizabeth Ramsey ti ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí Carnegie mú ọ̀bọ tí ó lóyún, nítorí pé ibi ọ̀bọ fara jọ ti ènìyàn. Òun àti Martin Donner fa oògùn tí X-ray lè rí sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹranko náà, wọ́n sì ń ya àwòrán lé àwòrán. Ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 1963 fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ìyá kì í rọra yọ́ wọnú ibi; ńṣe ni ó ń tú wọ̀ ọ́ pẹ̀lú agbára, bí omi ti ń tú láti ẹnu ẹ̀rọ, kí ó tó tàn ká kí ó sì padà sára ìyá. Wọ́n tún ṣe àkíyèsí pé gbogbo ẹnu iṣan wọ̀nyí kì í ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí ó dàbí kànìnkànìn lásán lójú ẹni tí ó wo òkú ibi ti wá di ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń gba inú rẹ̀ lọ, tí ó ń gba inú rẹ̀ bọ̀.

Ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ìmọ̀ lásán, nítorí ibà. Ní Ìbàdàn, H. M. Gilles, J. B. Lawson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kọ ìwé ìwádìí kan ní 1969 tí ó fi hàn bí ibà ti ń sọ ẹ̀jẹ̀ aboyún di aláìtó, pàápàá nínú oyún àkọ́kọ́. Àwọn mìíràn sì ti rí i pé kòkòrò ibà a máa kó jọ sínú ibi nígbà tí ẹ̀jẹ̀ tí a gbà ní ìka ìyá kò fi ohun kan hàn. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju eéje lọ. Ní 1996, Michal Fried àti Patrick Duffy ṣàlàyé, láti inú ibi àwọn obìnrin Kenya, pé kòkòrò wọ̀nyí ní ohun tí wọ́n fi ń lẹ̀ mọ́ ara ibi. Ṣùgbọ́n ibi tí ó ti jáde ni àwọn náà yẹ̀ wò. Bí kòkòrò ti ń dé ibẹ̀, àti ohun tí ibi ń fi ṣe é, ṣì wà ní ìkọ̀kọ̀.

Eku ni ó wá ṣí ọ̀nà. Ní 1948, Vincke àti Lips rí kòkòrò ibà kan lára eku igbó ní Katanga, ní Congo. Òun ni a ń pè ní Plasmodium berghei. Ilẹ̀ Yorùbá náà kò gbẹ́yìn: lára eku igbó kan tí a mú ní Ìlobì ní 1967 ni a ti rí ẹ̀yà mìíràn, tí Killick-Kendrick fún ní orúkọ Nàìjíríà, nigeriensis. Kòkòrò ti Katanga ni a lò nígbà tí ó yá. Ní 2013, Luciana de Moraes, Carlos Penha-Gonçalves àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ilẹ̀ Potogí gbé ibi eliri tí ó lóyún síta láìgé e kúrò lára ìyá, wọ́n sì wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè wọnú ẹran ara. Wọ́n ti ṣètò kí kòkòrò máa tàn ní àwọ̀ ewé, kí ohun tí ó jẹ́ ti ọmọ sì máa tàn ní àwọ̀ ojú ọ̀run, kí wọ́n má baà ṣi ọ̀kan mú fún èkejì.

Ohun mẹ́ta ni wọ́n rí. Èkíní, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó bo ibi, tí ó jẹ́ ti ọmọ, a máa yí ara padà, a sì máa dí ẹ̀jẹ̀ ìyá lọ́nà fún ìgbà díẹ̀. Èkejì, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń falẹ̀ ni kòkòrò ń kó jọ sí, tí ó sì ń rí àyè lẹ̀ mọ́ awọ náà. Ẹ̀kẹta, awọ yìí kì í kàn wò ó níran: ó ń gbé kòkòrò mì. Ibi kì í ṣe ojú ọ̀nà lásán; ó ń jà fún ọmọ.

A kò gbọdọ̀ sọ pé eku ni ènìyàn. Ibi eliri kò rí bákan náà pẹ̀lú ti obìnrin, ọ̀bọ Ramsey sì sún mọ́ ènìyàn jù ú lọ. Bí ó ti wù kí ó rí, ohun tí a rí níbẹ̀ kọ́ olùwádìí ní ohun tí yóò máa wá lára ibi ènìyàn.

Ní Òkè-Àfá, ní Ìsọlọ̀, níbi tí kánàálì ti gba àárín ilé kọjá, tí adágún kékeré sì ń wà lẹ́yìn òjò fún ẹ̀fọn láti yé ẹyin sí, ọ̀rọ̀ yìí kàn aboyún gbọ̀ngbọ̀n. Láti 2012 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí a máa fún aboyún ní àgbègbè ibà ní oògùn sulfadoxine-pyrimethamine, láti oṣù kẹrin oyún, ní gbogbo ìgbà tí ó bá wá fún ìtọ́jú, kí oṣù kan ó kéré tán wà láàrin oògùn kan àti èkejì. Oògùn náà ti wà ṣáájú ìwádìí ti eliri. Ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ le a máa béèrè ìdí tí òun yóò fi lo oògùn ibà nígbà tí ibà kò ṣe òun. Ìtàn yìí ni ìdáhùn: ara ìyá lè tutù, kí ogun sì máa jà nínú ibi. Àdúrà gbogbo ilé fún aboyún ni kí a gbọ́ ohùn ìyá, kí a sì gbọ́ ohùn ọmọ. Ẹni tí ó wà láàrin àwọn méjèèjì, tí a kì í gbọ́ ohùn tirẹ̀, ni àwọn olùwádìí wọ̀nyí fi ọjọ́ ayé wọn wò.