Ilẹ̀kùn Mẹ́ta Tí Ọmọ Àkókó Gbà Dé Yunifásítì

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni, ṣùgbọ́n òbí nìkan ni òwe náà di ẹrù lé lórí. Bí a bá fẹ́ mọ ìdí tí àwọn tí ó gboyè jáde fi pọ̀ sí i ní Àkókó, láti Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà títí dé Ìfira, ìbéèrè mìíràn ni ó yẹ kí a bi ara wa: ta ni ó ṣílẹ̀kùn?

Ní 1948, akẹ́kọ̀ọ́ 104 péré ni kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì Ìbàdàn fi bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe pé ọlọ́pọlọ ṣọ̀wọ́n. Ọmọ tí kò mọ ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò lè gboyè. Ilẹ̀kùn kìíní ṣí ní oṣù kìíní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Láàárín ọdún kan, iye ọmọ ilé-ìwé ní Ìwọ̀-Oòrùn fò láti bí 457,000 sí 811,000.

Ilẹ̀kùn kejì pẹ́ kí ó tó ṣí. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó ka ìwé mẹ́fà tán ni owó ilé-ẹ̀kọ́ girama dá padà sóko kòkó. Adékúnlé Ajáṣin, tí ó ti ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ rí, mọ ibi tí àkàsọ̀ náà ti ṣẹ́. Nígbà tí ó di gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 1979, ó sọ ilé-ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́.

Ìtòsí ni ilẹ̀kùn kẹta. Adó-Èkìtì ni yunifásítì tí Ajáṣin dá sílẹ̀ ní 1982 wà. Nígbà tí a yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó ní 1996, Oǹdó kò ní yunifásítì tirẹ̀ mọ́ títí a fi gbé e wá sí Àkùngbá-Àkókó ní 1999. Láti ìgbà náà, ọmọ Ìfira lè lọ sílé lópin ọ̀sẹ̀ láti gbé iṣu àti gààrí. Ẹni tí kò bá tí ì fi ebi kàwé rí ni yóò fojú kékeré wo èyí.

Ṣùgbọ́n wíwọlé yàtọ̀ sí jíjáde. Orúkọ Ajáṣin ni yunifásítì Àkùngbá ń jẹ́ lónìí, síbẹ̀ owó ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń wọ ibẹ̀. Ilẹ̀kùn tí a ṣí, a lè tì í padà láìpariwo. Bí iye àwọn tí ó ń gboyè bá dínkù lọ́la, ẹ má ṣe kọ́kọ́ bi àwọn ọmọ. Àwa tí a gba ẹnu ọ̀nà ọ̀fẹ́ wọlé ni kí ẹ bi.