Bí Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Bá Kú: Ìtúká Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ Ìtọ́jú Ọmọ ACCO ní 1970 àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ fún Olùkọ́ Jẹ́léósinmi ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹnìkan ní í bí ọmọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Láyé òde òní, àwọn kan wà nínú igba ènìyàn yìí tó jẹ́ pé ọmọ wíwò ni iṣẹ́ òòjọ́ wọn: olùkọ́ jẹ́léósinmi, alágbàtọ́, òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn. Irú wọn a máa kó ara wọn jọ sí ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ náà a sì máa ní àjọṣe pẹ̀lú àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè. Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn ni pé: bí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ bá túká, kí ni ó ń gbẹ̀yìn àjọṣe náà? Ẹgbẹ́ kan tó túká ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1970 ni a óò fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ọmọ Yorùbá wà lára àwọn tí iṣẹ́ rẹ̀ kàn gbọ̀ngbọ̀n.

Ìbẹ̀rẹ̀ Ẹgbẹ́ Náà

Ní 1944, Lady Allen of Hurtwood kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn The Times, ó fi ké gbàjarè nípa ipò tí àwọn ọmọ tí kò gbé lọ́dọ̀ òbí wọn wà. Ní oṣù kìíní ọdún 1945, Dennis O'Neill, ọmọdékùnrin ọmọ ọdún 12, kú sọ́wọ́ alágbàtọ́ tí ìjọba fi í sí lọ́dọ̀. Ìgbìmọ̀ Myra Curtis gbé àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1946, Òfin Ọmọdé ti 1948 sì tẹ̀ lé e. Òfin yìí ló mú kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ dá ẹ̀ka ìtọ́jú ọmọ sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka wọ̀nyí ni wọ́n dá Association of Child Care Officers sílẹ̀ ní 1949. ACCO ni a óò máa pè é.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Lady Allen yìí kan náà wà lára àwọn tó dá OMEP, ẹgbẹ́ àgbáyé fún ẹ̀kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́, sílẹ̀ ní ìlú Prague ní 1948. Ní Èkó, Donald Faulkner ti di òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn àkọ́kọ́ lábẹ́ ìjọba amúnisìn ní 1941. Òfin nípa ọmọdé àti ọ̀dọ́ jáde ní 1943. Alison Izzett sì dé ní 1946 láti bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin. Okùn kan náà ni ó so ìtọ́jú ọmọ ní Èkó àti ní Lọ́ńdọ̀nù pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òyìnbó ló di ibi tó nípọn mú.

Ọmọ Yorùbá Lọ́wọ́ Alágbàtọ́ Òyìnbó

Láti àwọn ọdún 1950 wá, ọ̀pọ̀ tọkọtaya láti ilẹ̀ Yorùbá lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ ìmọ̀ òfin, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí ìmọ̀ ẹ̀rọ. Iṣẹ́ ọ̀sán, ẹ̀kọ́ alẹ́ àti yàrá kan ṣoṣo kì í jẹ́ kí wọ́n ráyè tọ́mọ. Àwọn mìíràn a polówó nínú ìwé àtìgbàdégbà Nursery World, wọn a gbé ọmọ fún ìdílé òyìnbó, wọn a sì máa sanwó ìtọ́jú rẹ̀.

Lójú òbí Yorùbá, gbígbé ọmọ fún ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n tàbí olùkọ́ láti bá ni tọ́ kì í ṣe kíkọ ọmọ sílẹ̀; ọmọ ìdílé tó bí i ló ṣì ń jẹ́. Lójú àwọn alágbàtọ́ òyìnbó kan ẹ̀wẹ̀, ọmọ tí wọ́n ti tọ́ fún ọdún mélòó kan ti di tiwọn, ọ̀rọ̀ náà a sì máa dé kóòtù nígbà mìíràn. Òṣìṣẹ́ ìtọ́jú ọmọ ló dúró sáàárín, nítorí Òfin Ọmọdé ti 1958 pa á láṣẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ máa bẹ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ wò. Òṣìṣẹ́ tó bá ti wọ ilé púpọ̀ nìkan ló lè mọ ìyàtọ̀ láàárín "bá mi tọ́ ọ" àti "mo jọ̀wọ́ rẹ̀". Irú ìmọ̀ yìí kò sí nínú ìwé òfin. Orí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà ló ń gbé.

Ìtúká àti Ohun Tó Gbẹ̀yìn Rẹ̀

Ní 1968, Ìgbìmọ̀ Seebohm dámọ̀ràn pé kí a pa àwọn ẹ̀ka ìgbáyégbádùn ìjọba ìbílẹ̀ pọ̀ sí ọ̀kan. Òfin ọdún 1970 sọ ọ́ di dandan, ẹ̀ka ìtọ́jú ọmọ sì kógbá sílé ní 1971. ACCO kò dúró de ọjọ́ náà. Ní 1970, òun àti ẹgbẹ́ mẹ́fà mìíràn para pọ̀ di British Association of Social Workers, èyí tí a mọ̀ sí BASW. Kì í ṣe ìjà ló tú u ká. Ìrètí ni pé ẹgbẹ́ ńlá yóò lágbára ju ẹgbẹ́ kékeré lọ. NAPO, ẹgbẹ́ àwọn tó ń tọ́ arúfin sọ́nà, yọwọ́ nínú ìjíròrò náà, ó sì dá dúró.

Ohun méjì kò ṣègbé. Àkọ́kọ́ ni àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́, èyí tó wà ní Modern Records Centre ní Yunifásítì Warwick. Èkejì ni pé BASW wà nínú IFSW, àjọ àgbáyé fún òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn tí a dá sílẹ̀ ní ìlú Munich ní 1956, tí Nàìjíríà náà ní àyè nínú rẹ̀.

Ohun tó bọ́ sọnù ni ohùn tó dá dúró fún ọmọ nìkan. Òṣìṣẹ́ tuntun ní láti bójú tó arúgbó, aláàbọ̀ ara, alárùn ọpọlọ àti ọmọdé pa pọ̀. Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ di gbogbo ẹ̀bi ru ìtúká yìí. Ìwé Robert Holman, Trading in Children, tó jáde ní 1973, fi hàn pé àbójútó àwọn ọmọ tí òbí fúnra wọn gbé fún alágbàtọ́ mẹ́hẹ, ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àìsàn náà ti wà lára tẹ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ tó yẹ kó máa pariwo rẹ̀ ni kò sí mọ́. Nígbà tí Commonwealth Students' Children Society ṣe àpérò lórí ọmọ Áfíríkà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1975, ACCO kò sí láyé mọ́ láti bá wọn jókòó. Ní 1997, àbọ̀ ìwádìí William Utting tún kìlọ̀ pé a ti gbàgbé irú àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ní 2000, Victoria Climbié, ọmọ ọdún 8 láti Côte d'Ivoire, kú ní Lọ́ńdọ̀nù sọ́wọ́ mọ̀lẹ́bí tó mú un wá láti ilé. Ó di 2005 kí ìlànà tuntun tó jáde fún àbójútó ọmọ tó wà lọ́dọ̀ alágbàtọ́. Ọdún 35 ni èyí sí ìtúká ACCO.

Ẹ̀kọ́ fún Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Ọjà àti ibùdókọ̀ ni Òṣòdì fi gbajúmọ̀. Ìyá tó ń tajà láti àárọ̀ kò lè ṣe aláìní ẹni tí yóò bá a wo ọmọ. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ kó àwọn ọlọ́jà kúrò lójú ọ̀nà ní oṣù kìíní ọdún 2009, tí wọ́n sì wó ọjà Ọwọ́nífàrí ní oṣù kìíní ọdún 2016, ọ̀pọ̀ ìyá ní láti wá ibòmíràn lọ. Ibi tí ìyá bá sì gbà, ibẹ̀ ni ọmọ ń gbà. Níbi tí ènìyàn ti ń ṣí kiri báyìí, ẹgbẹ́ olùkọ́ lè túká láìsí ìkéde: alága a kó lọ, akọ̀wé a kó lọ, inú fóònù akọ̀wé sì ni orúkọ gbogbo ẹni tí wọ́n ń bá ṣe lókèèrè wà.

Àwọn àgbà ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti wà ní ìdí ìyá rẹ̀ kí ìyá tó kú. Nítorí náà, ìgbà tí ẹgbẹ́ ṣì lágbára ni ó yẹ kó ṣe ohun mẹ́ta. Èkíní, kí ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ìpàdé àti lẹ́tà rẹ̀ wà ní ilé-ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ tó wà nítòsí. Èkejì, kí àjọṣe òkèèrè wà lórúkọ ipò, kì í ṣe lórúkọ ẹnì kan. OMEP ní ẹ̀ka ní Nàìjíríà tí ẹgbẹ́ àdúgbò lè rọ̀ mọ́. Ẹ̀kẹta, bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ dà pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ ńlá, kí ó bèèrè fún ìgbìmọ̀ tí ọ̀rọ̀ ọmọ wẹ́wẹ́ nìkan yóò jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, kí èyí sì wà nínú ìwé àdéhùn.

Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn ACCO fi hàn pé ìwé àti àyè nínú àjọ àgbáyé rọrùn láti fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ìmọ̀ tó wà lórí òṣìṣẹ́ ni ó ṣòro jù. Òfin UBE ti 2004 ti ka ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ mọ́ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì wa sì ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀kọ́ yìí fún ìwé ẹ̀rí NCE. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí bá ń fi iṣẹ́ àṣekágbá wọn gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà olùkọ́ jẹ́léósinmi ní Máfolúkù, Ṣógúnlé àti Ìsọlọ̀, ẹgbẹ́ lè túká lọ́la, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ tún un dá kò ní bẹ̀rẹ̀ láti òfìfo.