Ìtàn Ìpààrọ̀ Lẹ́tà: Láti Orí Ẹnà dé Orí Kọ̀ǹpútà

Kí ìwé kíkọ tó gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ni àwọn baba wa ti ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ẹni tí kò kàn. Wọ́n ń pa àrokò ránṣẹ́: bí ẹnì kan bá rí owó ẹyọ mẹ́fà gbà, ó mọ̀ pé ọkàn ẹni tó fi ránṣẹ́ ń fà sí òun, torí ìró "fà" wà nínú "ẹ̀fà". Wọ́n tún ń fọ ẹnà. Nínú irú ẹnà kan, "g" àti fáwẹ̀lì kan náà ni a máa ń fi kún sílébù kọ̀ọ̀kan, tí "mo lọ" yóò fi di "mogo lọgọ". Akínwùmí Ìṣọ̀lá ṣe ìwádìí lórí ẹnà, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1982.

Ìró ni ẹnà ń yí padà. Kí a tó lè yí lẹ́tà padà, ábídí gbọ́dọ̀ wà, ọmọ Òkè-Ògùn sì kó ipa ńlá nínú bí a ṣe ní in. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn nítòsí Ìṣẹ́yìn, tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Ní 1875, ìpàdé kan jókòó ní Èkó lórí àkọtọ́. Lónìí, lẹ́tà 25 ni ábídí wa ní.

Lókè òkun, Julius Caesar ará Róòmù a máa fi lẹ́tà kẹta tó tẹ̀ lé e rọ́pò lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú ìwé àṣírí rẹ̀. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí "Ṣaki" nínú ábídí Yorùbá, láìka àmì ohùn, yóò di "Wenl". Ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Al-Kindi ní Baghdad ṣàlàyé bí a ṣe ń tú irú àṣírí bẹ́ẹ̀: kí a ka iye ìgbà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jẹ yọ. Ti Yorùbá tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ láti tú, nítorí fáwẹ̀lì tàbí "n" ló sábà máa ń parí ọ̀rọ̀ wa. Bí a bá sì fi àmì ohùn sílẹ̀ lórí lẹ́tà, àmì náà yóò tú fáwẹ̀lì fó.

Ní àwọn ọdún 1970, irinṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ tr, tó ń fi lẹ́tà kan rọ́pò òmíràn, wọ inú Unix, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá tẹ àṣẹ "tr a-z d-za-c" ti ṣe iṣẹ́ Caesar. Ṣùgbọ́n ábídí Gẹ̀ẹ́sì ni àṣẹ yìí mọ̀. Kò ka "gb" sí lẹ́tà kan, bẹ́ẹ̀ ni fún ọ̀pọ̀ ọdún, tr tó wà lórí Linux ń ka báìtì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tó jẹ́ pé báìtì mẹ́ta ni "ẹ" gbà. ROT13, tó ń sún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan síwájú ní ìgbà 13, tó sì gbajúmọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, kò bá wa mu pẹ̀lú: bí a bá ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ó yẹ kí lẹ́tà padà sí ipò rẹ̀, ṣùgbọ́n 13 lọ́nà méjì jẹ́ 26, lẹ́tà tiwa sì jẹ́ 25.

Irú àṣírí báyìí kò lágbára tó láti ṣọ́ owó tàbí ìwé ìjọba. Ẹ̀kọ́ ni ó wúlò fún. Akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìṣẹ́yìn tàbí Ṣakí tó bá fẹ́ kọ irú irinṣẹ́ bíi tr fún èdè wa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ to lẹ́tà 25 náà lẹ́sẹẹsẹ, kí ó ka "gb" sí ọ̀kan, kí ó sì yọ àmì ohùn sọ́tọ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, yóò mọ ètò èdè rẹ̀ dájú kí ó tó pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà.